Ẹranko Tí Kò Mọ Ẹ̀rù ní Erékùṣù Àárín Ọ̀sà

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará. Ẹni tí ó bá ní obì lẹ́nu kí ó tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ẹnu dídí gbọ́. Inú ń bí mi. Ọdún kọkànlá rèé tí inú ti ń bí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti gbàdúrà sí i, mo ti gbààwẹ̀ sí i, àlùfáà wa ti gbé ọwọ́ lé mi lórí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò lọ. Mo wá rí i pé ìbínú mìíràn wà tí Olúwa fúnra rẹ̀ ń fẹ́ iná rẹ̀ tí kò sì fẹ́ kí ó kú. Ẹ gbà mí láyè kí n bínú dópin lónìí.

Èmi ni Sílà Ọdẹ́sànmí, ọmọ ìlú Ìdí-Ahùn létí ọ̀sà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín kò bá mọ̀ mí, àwọn ẹranko mọ̀ mí. Ẹfọ̀n mẹ́rin ni mo pa kí n tó gbé ìyàwó. Mo ti bá ẹkùn jà rí lórí àpáta títí ó fi rẹ àwa méjèèjì, tí a jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi nínú odò kan náà, tí kálukú ń fi ojú kan ṣọ́ èkejì rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mo ti mọ ìwé kà, ìwé orin ni mo sì fi kọ́ a, b, d. Ohun kan tí àwọn olùkọ́ mi fi sí mi lára tí kò ṣeé bọ́ sílẹ̀ mọ́ ni pé n kì í purọ́. Ẹ bi Ràkẹ́lì aya mi léèrè. Òtítọ́ mi ti sú u. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ohun ìyanu nínú ìtàn yìí, ẹ ya ẹnu bí ó ti wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ní irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òfin kan fún yín tí àwa ọdẹ Ìdí-Ahùn gbà lọ́wọ́ àwọn baba wa. Wọ́n ní ẹranko tí ó bá rí ènìyàn tí kò sá, kì í ṣe ẹranko. Àjẹ́ ni, tàbí ènìyàn tí ó gbé awọ ẹranko wọ̀. Wọ́n ní kí ọdẹ má ṣe wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ó yìnbọn lù ú lójú ẹsẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́. Mo ń kọ orin ìyìn ní ọjọ́ ìsinmi, mo sì ń gba òfin yìí gbọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa tí a fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ọkọ̀ méjì pọ̀ níbí.

Ní ọjọ́ kan tí a ń ṣe ìpàdé ní ilé àwọn ọdẹ, Ògúnṣakin tí í ṣe Olúọdẹ, olórí gbogbo wa, bẹ̀rẹ̀ sí fọ́nnu gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, orí àga kan tí wọ́n fi agbárí ńlá kan ṣe ni ó sì máa ń jókòó sí. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kí ni ẹ pa? Ẹtu! Òkété! Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, erékùṣù àárín ọ̀sà lọ́hùn-ún, àjẹ́ ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ehoro ni wọ́n lójú, ṣùgbọ́n ehoro tí ó tó akọ màlúù! A dé ibẹ̀, wọn kò sá. A fa àdá yọ, wọn kò sá. A pa èkíní, èkejì rọra wá fi imú kan òkú rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń wò wá. Ẹ gbà mí o! Àjẹ́ wo ló tún ju ìyẹn lọ? Kí oòrùn tó dé àtàrí, a ti pa ogójì.”

“Ogójì!” ni gbogbo àwọn ọdẹ ń wí, tí wọ́n ń mirí.

“Ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ wa. Ó jókòó wọ̀ǹtì bí ìyàwó tí ń re ilé ọkọ. Ilé níbí ni a ti pa á.” Bàbá fi ọwọ́ gbá àga abẹ́ rẹ̀. “Òun nìyí.”

Lẹ́yìn èyí ni ó sọ fún wa pé apẹja kan ti rí ẹyọ kan tí ó kù ní erékùṣù náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, gbogbo ọdẹ yóò kó sínú ọkọ̀ lọ pa á, ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá sì mú un ni yóò jẹ oyè Aṣípa ọdẹ. Ọdẹ́kúnlé, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, aláwàdà tí kò lè rí òkú kí ó má fi ṣe yẹ̀yẹ́, bá nà mí ní ìgbọ̀nwọ́. Ó ní, “Sílà, ìwọ kúkú kọrin fún un. Bí ó bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ikú ni yóò fúnra rẹ̀ tọrọ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oyè Aṣípa ti wọ̀ mí lójú. Mo pinnu pé n kò ní dúró de ọjọ́ kẹsàn-án. N ó dá lọ, n ó dá pa á, n ó sì dá jẹ oyè mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó ọta ìbọn mẹ́rin, mo mú ìbọn, ẹ̀tù, àdá àti ìwé orin mi. Ràkẹ́lì dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá Lídíà, ṣé nítorí oyè ni ẹ fẹ́ sọ mí di opó?” Mo ní kí ó má bẹ̀rù. Ó ní, “Ẹni tí kò bẹ̀rù ni wọ́n máa ń gbé wálé.” Mo wọ ọkọ̀, mo sì lọ.

Ìdajì ọ̀nà ni omi dúró. N kò ní atẹ́gùn dúró o, omi ni mo wí. Àjẹ̀ tí mo fi ń tukọ̀ ń wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń ro ọkà. Ẹrẹ̀ wú sókè níwájú ọkọ̀ mi, ó ní orí, ó ní èjìká, ó ní apá méjì, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ jẹ́ omi tí ó mọ́ gaara, tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi ojú wò mí bí àwọn ọmọdé tí ń yọjú ní fèrèsé.

Ó ní, “Èmi ni oníbodè ọ̀nà yìí. Dáhùn àlọ́ mi. Bí o bá ṣì í, n ó jẹ ohun kan nínú ẹrù rẹ. Bí ẹrù bá tán, n ó jẹ ẹlẹ́rù.”

Mo ní, “Pa á.”

“Ọba ní in, ìwọ̀fà ní in. Ẹkùn ní in, eṣinṣin ní in. Ẹni tí ó ni erékùṣù iwájú yìí kò ní in rí. Kí ni?”

Mo ní, “Òjìji.”

“Ṣé oòrùn kì í ràn níbẹ̀ ni, òmùgọ̀?” Ó na ọwọ́ sínú àpò mi, ó mú ọta ìbọn kan, ó jù ú sẹ́nu bí ẹ̀pà. Ọkọ̀ mi rì ní ìwọ̀n ọwọ́ kan.

Mo ní, “Ìyá.”

“Ta ló wá bí i? Ìgbì omi?” Ó tún jẹ ọ̀kan. Ọkọ̀ tún rì.

Mo ronú gidigidi. Mo ní, “Ọ̀tá.”

Àwọn ẹja inú rẹ̀ dúró. Ó ní, “Ó kù díẹ̀. Ó ti ní ọ̀tá rí, láyé ọ̀dọ́ àwọn baba yín, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ọ̀tá ni.” Ó jẹ ọta ìbọn kẹta. Omi wọ inú ọkọ̀, ó dé orúnkún mi. Mo rí i pé ikú dé, mo bá la ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọrin sí Ọlọ́run mi pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ẹ̀yin ará, ẹrẹ̀ náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí! Ó ní, “Ó tó! Ó tó! Mo ti jẹ òkú màlúù, mo ti jẹ ọkọ̀ tó jẹrà, n kò tíì gbọ́ irú èyí. Máa lọ! Ìdáhùn àlọ́ mi kò kúkú jìnnà. Ìwọ fúnra rẹ ni ò ń gbé e lọ bá a.” Omi là, ọkọ̀ mi léfòó, mo sì tu ú bí ẹni tí iná ń lé. Ẹ rí i pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ènìyàn lè gba ènìyàn là.

Mo dé erékùṣù náà ní ìyálẹ̀ta. Koríko ibẹ̀ tutù, ìrì ṣì wà lórí rẹ̀. N kò tíì rìn tó ogún ẹsẹ̀ tí mo fi rí i. Ó tó akọ màlúù, irun rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà, ojú rẹ̀ kéré, etí rẹ̀ kúrú bí ìgbà tí wọ́n gé e. Ehoro ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ehoro tí kò lè fò. Ó ń rìn gbọ̀ngbọ̀n bí aboyún oṣù kẹsàn-án. Ó rí mi, ó sì ń bọ̀ tààrà. Mo gbé ìbọn sí èjìká. Òfin àwọn baba mi ń dún létí mi pé, yìn ín, yìn ín. Ó dé iwájú mi, ó fi imú kan ẹnu ìbọn, ó sì sín sí mi lójú.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ní, “Pẹ̀lẹ́ o.”

Ó ní, “Ẹ ṣé. Ẹ kú ewu omi.”

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ta nínú yín ni yóò kí ẹni kan, tí ẹni náà yóò jẹ́ ẹ, tí yóò tún kí i, tí yóò wá yìnbọn lù ú? Ìbọn sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, “Ṣé àjẹ́ ni ọ́?”

Ó ní, “Kí ni àjẹ́ ń jẹ?”

Mo ní, “Ènìyàn.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Koríko ni mò ń jẹ. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ tutù.”

Mo bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn pọ̀, òun ní orúkọ, nítorí ẹni tí yóò pe òun wà. Nísinsìnyí òun kò mọ̀ bóyá òun ṣì ní in. Mo sọ ọ́ ní Àṣẹ́kù, nítorí òun nìkan ni ó ṣẹ́ kù. A jókòó sí abẹ́ igi kan, mo sì bi í bí ehoro ṣe di irú nǹkan báyìí.

Ó ní, “Àwọn baba ńlá wa kò ju ológbò lọ. Orí koríko tí ó léfòó ni ìgbì ti gbé wọn dé ibí. Etí wọn gùn, ẹsẹ̀ wọn yá, àyà wọn ń lù kìkì. Wọ́n tẹ́tí de ẹkùn. Ẹkùn kò sí. Wọ́n wo òkè de àṣá. Àṣá kò wá. Wọ́n tẹ́tí láti ìran dé ìran, títí etí fi ní, kí ni mò ń gùn sí? Ó kúrú. Ẹsẹ̀ ní, kí ni mò ń fò fún? Ó ki. Gbogbo ohun tí a kò ná mọ́ lórí sísá, ara fi tóbi.”

Nígbà tí ó sọ̀rọ̀ yìí, mo bọ́ fìlà. Mo rántí ọgbà tí Olúwa kọ́kọ́ gbìn, níbi tí ẹranko ti ń wá bá ènìyàn kí ó sọ wọ́n lórúkọ, tí kò sí èyí tí ó sá. Èérún ọgbà náà ni ó kù sí àárín ọ̀sà wa yìí! Ìwà mímọ́ ni ohun tí àwọn baba mi rí, wọ́n ní àjẹ́ ni. Olúwa fi ẹranko tí kò fura sí ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n fi àdá dá a lóhùn, wọ́n sì padà wálé, wọ́n jó! Ẹ má wo ojú mi báyẹn. Mo ní inú ń bí mi. Bí olè bá wọ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, tí onílé sì gbé oúnjẹ fún un, ṣé onílé náà ni ẹ ó mú pé oṣó ni?

Mo sọ fún Àṣẹ́kù pé ní ọjọ́ kẹsàn-án àwọn ọdẹ ń bọ̀, àti pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lè fi yè ni kí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá. Igbó wà ní ẹ̀yìn erékùṣù, ẹ̀gún rẹ̀ nípọn. Bí ó bá wọ ibẹ̀ kò sí ọdẹ tí yóò rí i. Àti pé bí wọ́n bá rí i tí ó ń sá, wọn yóò mọ̀ pé ẹranko lásán ni.

Ó ní, “N ó kọ́ ọ, bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan, ìdáhùn kan. Bí ẹ bá kọ́ mi ní ohun kan, ẹ ó dáhùn ohun kan fún mi, kí ó sì jẹ́ òtítọ́.”

A fi ọwọ́ lé e. Ó ní, “Kí ni ẹ̀rù?”

Mo ní, “Ohun tí ó máa ń bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀ kí orí tó gbọ́ ni.”

“Ṣé ó ń jẹ koríko?”

“Oorun ni ó ń jẹ.”

“Ta ni ẹ̀yin ń bẹ̀rù?”

Mo ronú, mo rántí àdéhùn wa. Mo ní, “Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọ, ìwọ ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì tìtì. Ibẹ̀ ni ìdáhùn àlọ́ oníbodè ti yé mi. Ẹ̀rù ni. Èmi ni mo ń gbé e bọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Mo lúgọ sẹ́yìn igi, mo fò jáde, mo bú bí kìnnìún. Ó ní, “Pẹ̀lẹ́ o, ṣé inú ń run yín ni?” Mo fa ojú ya, mo yọ ahọ́n, mo fi àdá lu igi. Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni tí ń wo egúngún ọmọdé. Mo na ìbọn sí i. Ó lá ẹnu ìbọn nítorí iyọ̀ tí ó wà lára irin náà, ó ní ó dùn, ó ní ṣé òmíràn wà. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó rẹ̀ mí. Ó wá ní ìdáhùn òun dà?

Ó ní, “Àwọn ará mi tí wọ́n wà níbí, mo rí ohun tí àwọn àlejò ṣe sí wọn. N kò mọ ìdí rẹ̀, mo sì ti rò pé bóyá àṣà ìlú yín ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ yín. Ó ní òun ń lọ wo ibi tí àwọn àlejò ti wá, òun yóò padà wá ròyìn. Ṣé ẹ rí i rí?”

Ẹ̀yin ará, n kì í purọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà mo tọrọ irọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì fún mi. Mo ní, “Mo rí i. Olórí wa fi agbárí rẹ̀ ṣe àga.”

Ó fi imú kan koríko, kò jẹ ẹ́. Ó wá ní, “Ṣé ó wúwo, olórí yín?”

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. N kò sunkún nígbà tí bàbá mi kú, nítorí ó dàgbà, ó sì kú nínú Olúwa. Ṣùgbọ́n mo sunkún lórí koríko yẹn bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, Àṣẹ́kù sì gbé àgbọ̀n lé èjìká mi, ó ń mí sí mi lọ́rùn. Mo búra pé ẹran yìí kò ní kú. Oyè Aṣípa ti kúrò lójú mi bí ìpẹ́pẹ́.

Ọjọ́ kejì kọjá, kò kọ́ ohunkóhun. Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣe ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi dòní. Mo mú ìbọn tí ọta kan tí ó kù wà nínú rẹ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń jẹun, mo gbé ẹnu ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, mo sì yìn ín sí òfuurufú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n sọ bí igbe rẹ̀ ṣe rí. Ẹran náà sá! Ó ń sá bí ìkòkò tí ń yí lórí òkè, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, ó wọ inú ẹ̀gún lọ. Mo pè é, kò jẹ́. Nígbà tí ó yọjú, tí ó sì rí mi, ó tún sá. Mo ní kí n yọ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ayọ̀ kò wá. Èmi tí a rì bọmi ní orúkọ Ọlọ́run, èmi ni mo gbé ohun tí kò sí níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ibi mímọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, òkèèrè ni mo máa ń jókòó, mo ń kọ orin kan tí mo fi orí ara mi hun fún un:

Ẹni tó dá koríko, tó sẹ ìrì sí i,
Kò gbàgbé ẹ̀dá tó ń jẹ ẹ́ ní òwúrọ̀.

Yóò dúró, yóò tẹ́ etí kúkúrú náà. Bí mo bá dìde, yóò sá. Mo ń tu ara mi nínú pé ó ti mọ̀ ọ́n sá báyìí, bí àwọn ọdẹ bá dé, yóò sá fún àwọn náà.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n dé. Ràkẹ́lì ni ó lọ bá Ọdẹ́kúnlé, ó ní ọkọ òun dá lọ sí erékùṣù àwọn àjẹ́, kò tíì padà. Ọ̀rẹ́ mi kò jẹun tán kí ó tó lọ jí Olúọdẹ. Ìfẹ́ ni ó gbé wọn wá, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀, nítorí òtítọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ igbó ẹ̀gún ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ọdẹ́kúnlé létí omi: “Sílà! Sílà o! Dùbúlẹ̀! Àjẹ́ wà níwájú rẹ!”

Àṣẹ́kù wà láàárín wa, ó ń jẹun. Mo rí ìbọn lọ́wọ́ Ọdẹ́kúnlé. Mo sáré. Mo na apá méjèèjì, mo fẹ́ lọ dúró níwájú ẹran náà, mo ń ké pé, “Má yìn ín! Má yìn ín!” Ṣé ẹ rí ohun tí mo ṣe? Àbí ẹ kò tíì rí i? Ta ni mo kọ́ ẹran náà pé kí ó máa sá fún? Ó gbójú sókè, ó rí mi tí mò ń sáré bọ̀, ó sì sá. Kò sá wọ igbó, nítorí èmi ni mo wà ní ọ̀nà igbó. Ó sá tààrà lọ sọ́dọ̀ Ọdẹ́kúnlé. Ọdẹ́kúnlé kò tíì dẹ́rù bà á rí. Àlejò ni Ọdẹ́kúnlé jẹ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó ń mí hẹlẹ, ó fi imú kan ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ewu omi.”

Ọdẹ́kúnlé kígbe pé, “Yéè! Ó tún ń sọ̀rọ̀!” Ó sì yìnbọn.

Mo dé ibẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ọdẹ́kúnlé gbá mi mọ́ra. Ó ní, “Mo gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Sílà. Mo gbà ọ́. Ojú rẹ ti yí padà, kí ni ó ṣe ọ́?” Mo tì í ṣubú. Mo dojú kọ gbogbo wọn, mo ní, “Ẹ̀yin apànìyàn!” Ògúnṣakin ní kí wọ́n bu omi sí mi lórí, oògùn àjẹ́ náà kò tíì dá lára mi. Wọ́n bu omi sí mi lórí! Wọ́n dì mí mọ́ ìdí ọkọ̀ bí ewúrẹ́, wọ́n sì kọrin bọ̀ wálé.

Ọ̀la rẹ̀ ni wọ́n pín ẹran. Ní Ìdí-Ahùn, bí ọdẹ bá jọ jáde, ẹni tí ìbọn rẹ̀ mú ẹran ni ó ni orí àti awọ. Itan kan, ti Olúọdẹ ni. Ṣùgbọ́n àyà, ibi tí ó dára jù, ti ẹni tí ó lé ẹran náà wá síwájú ìbọn ni. Ní ọ̀sán gangan, Ògúnṣakin àti Ọdẹ́kúnlé àti àwọn ọdẹ yòókù wọ inú àgbàlá mi, wọ́n gbé àyà Àṣẹ́kù sínú ewé, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú mi.

Mo ní, “Baba, kí ni ẹ gbé wá fún mi yìí?”

Ògúnṣakin ní, “Ẹ̀tọ́ rẹ ni, ọmọ mi. Òfin ni.”

“N kò fẹ́ ẹ. N kò bá yín pa á.”

“Ta ló ní o pa á? Ọdẹ́kúnlé ló pa á. Ìwọ lo lé e.”

“N kò lé e! Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni!”

Bàbá arúgbó náà tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ lé mi léjìká jẹ́jẹ́. Kò bínú. Ó tilẹ̀ ń ṣàánú mi. Ó ní, “Sílà, ìwọ kì í purọ́. Gbogbo ìlú mọ̀. Nítorí náà n ó bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí o bá wí ni a ó gbà. Nígbà tí ẹran yìí ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ Ọdẹ́kúnlé, ta ni ó ń sá fún?”

Ràkẹ́lì wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Mo wo ojú Ọdẹ́kúnlé, ó ń bẹ̀ mí pẹ̀lú ojú pé kí n gbà á kí ọ̀rọ̀ tán. Mo la ẹnu kí n sọ pé ìbọn ni, kí n sọ pé ariwo yín ni.

Mo ní, “Èmi ni.”

Mo sì na ọwọ́, mo gba ẹran náà. Ó wúwo ju ọmọ ọdún méjì lọ. Mo gbé e gba àárín wọn kọjá, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sì sin ín ní ojú gbogbo wọn. Wọ́n ń pariwo pé mo fi ẹran ṣòfò. Ràkẹ́lì nìkan ni ó wá dúró tì mí. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ yẹ̀pẹ̀ náà títí ó fi tẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ mi parí. Oyè Aṣípa, Ọdẹ́kúnlé jẹ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ mi sì ni síbẹ̀, mo ń gbàdúrà fún un ní òròòwúrọ̀, inú rẹ̀ sì ń bí mi títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Bí ẹ bá sì bá ewúrẹ́ lójú ọ̀nà tí kò yà fún yín, ẹ̀yin ni kí ẹ yà fún un.